Ìgò Ìtọ̀ Tó Sọ Idẹ Di Fàdákà

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2008, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà wa mẹ́rin dúró sójú ìlà níbi Òlíńpíìkì Beijing fún àṣekágbá eré 4x100, èyí tí wọ́n ń gbé ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Franca Idoko, Gloria Kemasuode, Halimat Ismaila àti Oludamola Osayemi ni wọ́n. Jàmáíkà ni gbogbo ayé ti gbé góòlù fún kí wọ́n tó yìnbọn, ṣùgbọ́n ọ̀pá kò dé ọwọ́ ẹni tó yẹ kó gbà á, bí Jàmáíkà ṣe bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Rọ́ṣíà ṣe ìkíní, Bẹ́ljíọ̀mù ṣe ìkejì, àwa ṣe ìkẹta pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 43.04. Idẹ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ wa lọ́rùn.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, idẹ yẹn di fàdákà. Kò sí èyí tó tún wọ bàtà eré nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìgò ìtọ̀ kan ló sáré fún wọn. Yulia Chermoshanskaya, ọ̀kan nínú àwọn ará Rọ́ṣíà tó gba góòlù, ló tọ̀ ọ́ ní Beijing. Wọ́n gbé ìgò náà lọ sí Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland, wọ́n fi pamọ́ sínú òtútù, nígbà tí wọ́n sì ṣí i padà, wọ́n bá àṣẹ́kù stanozolol àti turinabol, oògùn méjì tí òfin eré kà léèwọ̀, nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Ti Beijing kò rìn ju mẹ́jọ lọ.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní ni pé ìtọ̀ àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ ni wọ́n yẹ̀ wò ní 2008, tí wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìtọ̀ náà kò yí padà nínú òtútù. Ojú tí wọ́n fi wò ó ló là sí i. Bí ojú yẹn ṣe là, díẹ̀díẹ̀, láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ni mo fẹ́ sọ níbí, nítorí pé ó kan wa ju bí a ṣe rò lọ.

Testosterone ni orísun gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Òun ni họ́mọ́nù tó ń mú ohùn ọmọkùnrin ki, tó ń hu irùngbọ̀n, tó ń mú ẹran ara le. Ní 1935 ni àwọn ẹgbẹ́ Ernst Laqueur ní Amsterdam rí i yọ jáde, ọdún yẹn kan náà sì ni Adolf Butenandt àti Leopold Ruzicka mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ṣe é nínú láàbù. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún: wọ́n fi nǹkan kan kún un kí ó lè ṣeé gbé mì, wọ́n yọ nǹkan kan kúrò kí ó lè pẹ́ lára. Àwọn oògùn amáralókun tí a ń pè ní steroid nìyẹn. Wọ́n wúlò fún aláìsàn tí ẹran ara rẹ̀ ń joro. Ṣùgbọ́n obìnrin tó bá ń gbé wọn mì láti fi sáré, ohùn rẹ̀ á máa di ti ọkùnrin, nǹkan oṣù rẹ̀ á dàrú. Ẹ̀dọ̀ àti ọkàn a sì máa jìyà rẹ̀ nínú tọkùnrin tobìnrin.

Bí oògùn náà bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ kì í jẹ́ kó lọ bó ṣe wá. Á ṣẹ́ ẹ, á yí i, á so ohun kan tó jọ ṣúgà mọ́ ọn kí ó lè yọ́ nínú omi, kí kíndìnrín sì lè tì í jáde. Nítorí náà, ohun tó wà nínú ìtọ̀ kì í sábà jẹ́ oògùn tí wọ́n gbé mì gan-an. Àṣẹ́kù rẹ̀ ni. Ẹni tó bá mọ ẹja dáadáa, egungun tó kù sínú àwo ni yóò fi sọ bóyá epìyà ni wọ́n jẹ tàbí àrọ̀. Iṣẹ́ mímọ egungun ni iṣẹ́ láàbù yìí.

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àwọn agbérin àti àwọn tó ń ju irin ń jẹ steroid ní gbangba, àwọn aláṣẹ eré kò sì lè fòfin de ohun tí wọn kò lè rí. Raymond Brooks, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Ó lo àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó máa ń gbá nǹkan àjèjì mú nínú ara, ó kọ́ wọn láti gbá steroid mú, ó sì fi ìtànṣán ṣe àmì kí ó lè mọ iye tí wọ́n mú. Wọ́n dán an wò níbi ìdíje Commonwealth ti Christchurch ní 1974, láìfi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ní Montreal, ní 1976, ó di òfin Òlíńpíìkì. Ènìyàn 8 ni ọwọ́ tẹ̀ lórí steroid, agbérin sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò Brooks ní àléébù kan. Ó lè sọ fún ọ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ni ẹni tó ń bọ̀ yìí; kò lè sọ orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní láti gbé ìtọ̀ náà lọ síwájú ẹ̀rọ mìíràn, èyí tí yóò dárúkọ rẹ̀, tí yóò sì dárúkọ baba rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ yẹn ní ìwà ni Manfred Donike. Ará Jámánì ni. Ó ti gun kẹ̀kẹ́ nínú Tour de France ní 1960 àti 1961 kó tó gbájú mọ́ kẹ́mísírì ní ìlú Cologne. Ìṣòro tó bá níbẹ̀ ni pé steroid kò fẹ́ fò. Bí o bá gbé e sínú ooru kó lè di èéfín, á máa lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, àwọn mìíràn á sì jó kí wọ́n tó kúrò níbi tí o gbé wọn sí. Donike ṣe oògùn kan tí wọ́n ń pè ní MSTFA, èyí tó ń wọ aṣọ fún steroid. Bí aṣọ yẹn bá ti wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ á fúyẹ́, á fò láìjó. Títí di òní olónìí, ní ọ̀pọ̀ láàbù káàkiri ayé, aṣọ Donike ni wọ́n ṣì ń wọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ, nítorí pé iṣẹ́ náà dára láti mọ̀. Wọ́n á bu ìtọ̀ díẹ̀, wọ́n á fi èròjà kan tó ti ara kòkòrò àìfojúrí wá sí i, èyí tí yóò gé ohun tó jọ ṣúgà yẹn kúrò lára steroid. Wọ́n á wá da nǹkan olóòórùn bíi ether lé e, wọ́n á mì í. Gẹ́gẹ́ bí epo ṣe ń léfòó lórí omi, ether náà á gòkè, á sì gbé steroid dání; omi àti iyọ̀ ìtọ̀ á kù sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á yọ tòkè, wọ́n á fẹ́ ẹ gbẹ. Nígbà tó bá gbẹ tán, ojú lásán kì í rí nǹkan kan nísàlẹ̀ ìgò. Ibẹ̀ ni MSTFA ń wọlé, wọ́n á sì gbé e sínú ooru díẹ̀ kí aṣọ náà lè bá ara mu.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tì í sínú páìpù kan tó tín-ín-rín ju abẹ́rẹ́ lọ, tó gùn ju ilé lọ, tí wọ́n ká bí okùn sínú ààrò. Afẹ́fẹ́ helium ló ń tì wọ́n lọ. Ẹ wo àwọn èrò tó ń gba ojú ọjà kọjá: àwọn kan ń dúró kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé, àwọn kan ń lọ ṣánṣán, torí náà wọn kì í dé òdìkejì papọ̀. Bí steroid ṣe ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àsìkò tirẹ̀, ni mass spectrometer ń dúró dè é. Ẹ̀rọ yìí á gbá a, á fọ́ ọ, á sì wọn èérún kọ̀ọ̀kan. Steroid kan pàtó, bákan náà ló máa ń fọ́ nígbà gbogbo: ibi tó ti ń là ní Cologne ló ti ń là ní Lọ́ńdọ̀nù. Èérún yẹn ni ilà ojú rẹ̀.

Báwo ni ohun tí wọ́n ń wá ṣe kéré tó? Fún oògùn bíi stanozolol, ohun tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn nínú eré, ń béèrè ni pé kí láàbù lè rí nanogram 2 nínú mìlílítà kan. Ẹ kó táńkà epo ọgbọ̀n jọ, irú èyí tó ń gbé 33,000 lítà lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ da omi kún gbogbo wọn. Ẹ wá bu ìdajì ṣíbí ìmutíì ṣúgà, ẹ pín in yí ká ọgbọ̀n táńkà náà. Ẹni tó bá tọ́ omi náà wò tó sì sọ pé ṣúgà wà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láàbù ń ṣe. Ìtọ̀ inú ìgò méjì sì ni, A àti B, tí nọ́ńbà nìkan wà lára wọn. Bí A bá ní ẹ̀sùn, eléré lè wá jókòó wo bí wọ́n ṣe ń ṣí B.

Gbogbo èyí dára fún oògùn tí ara kì í ṣe fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá gún testosterone gan-an lábẹ́rẹ́ ńkọ́? Kò sí ènìyàn tí kò ní testosterone, àti ọkùnrin àti obìnrin. Ní Moscow 1980, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n kéde pé ó jẹ oògùn. Donike mú ìtọ̀ láti ibẹ̀, ó fi ọ̀nà tirẹ̀ wò ó, ó sì bá testosterone tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú púpọ̀ wọn. Ọ̀nà náà ni pé ara máa ń ṣe ìbejì testosterone kan, epitestosterone, tí kò wúlò fún agbára. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ìtọ̀. Ẹni tó bá gún abẹ́rẹ́, ọ̀kan á yọrí ju èkejì lọ. Wọ́n fi ààlà sí 6 sí 1. Nígbà tí ìdíje Pan American dé Caracas ní 1983, tí àwọn eléré gbọ́ pé Donike àti ẹ̀rọ rẹ̀ ti dé, àwọn ará Amẹ́ríkà mélòó kan wọ ọkọ̀ òfuurufú padà sílé láìdíje. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ààlà náà kalẹ̀ sí 4 sí 1.

Àwọn ènìyàn kan wà, wọ́n sì pọ̀ jù ní ìlà-oòrùn Éṣíà, tí a bí láìní àbùdá kan tó ń so ohun tó jọ ṣúgà mọ́ testosterone. Wọ́n lè gún abẹ́rẹ́ ńlá kí wọ́n má sì dé ààlà mẹ́rin náà rárá. Fún mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ti wọ̀ ọ́: òṣùwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ayé kì í ṣe òdodo fún gbogbo ayé. Láti 2014 ni wọ́n ti ń ṣe àkọsílẹ̀ fún eléré kọ̀ọ̀kan, ìtọ̀ rẹ̀ ti ọdún yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èṣí, kí wọ́n lè fi ara rẹ̀ wọn ara rẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù wá kù, nítorí pé iṣu àti àgbàdo ló wà nídìí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, Russell Marker, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, lọ sí Mẹ́síkò láti wá iṣu igbó kan. Ìbátan iṣu tí a ń gún níyán ni, Dioscorea kan náà ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn kì í ṣe jíjẹ. Nínú iṣu yẹn ni Marker ti rí ohun tí a lè fi ṣe họ́mọ́nù lọ́pọ̀ yanturu, òun náà sì wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ Syntex sílẹ̀ ní 1944. Lónìí, ẹ̀wà sóyà ti gba púpọ̀ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ iṣu, ṣùgbọ́n láti ara ewéko ni testosterone inú ìgò abẹ́rẹ́ ti ń wá.

Kábọ́ọ̀nù méjì ló wà nínú gbogbo ohun alààyè: èyí tó fúyẹ́, tó pọ̀, àti èyí tó wúwo díẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣu, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì àti sóyà kì í fi bẹ́ẹ̀ gba èyí tó wúwo mọ́ra. Àgbàdo, ìrèkè àti ọkà bàbà ń gbà á jù wọ́n lọ. Ara ènìyàn tó ń mu ògì, tó ń jẹ ẹ̀kọ, tó ń jẹ adìẹ tí wọ́n fi àgbàdo bọ́, àdàlù àwọn méjèèjì ni. Testosterone tí ara rẹ̀ bá ṣe á jọ oúnjẹ rẹ̀. Testosterone inú abẹ́rẹ́ kò jẹ àgbàdo rí. Láàbù á sun steroid kọ̀ọ̀kan nínú ìtọ̀ di èéfín, á wọn kábọ́ọ̀nù rẹ̀, á sì fi wé ti steroid mìíràn nínú ìtọ̀ kan náà, èyí tí abẹ́rẹ́ kò lè kàn. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 3 nínú 1,000 lọ, ọ̀rọ̀ ti bọ́ síta. Ẹni tí iṣu rẹ̀ ta, ọwọ́ ni a ní kó fi bò ó jẹ. Àwọn wọ̀nyí bo tiwọn, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù iṣu náà kò ṣeé bò.

Floyd Landis, agunkẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ agbára gba ìpele kẹtàdínlógún Tour de France ti 2006, ìtọ̀ ọjọ́ yẹn sì fi 11 sí 1 hàn. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn adájọ́ eré. Wọ́n gbà fún un pé láàbù kò tẹ̀lé ìlànà nínú kíka 11 yẹn, wọ́n sì da apá ibẹ̀ nù. Àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù ni wọn kò rí dà nù, òun ló sì gba adé lórí rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìdájọ́ yẹn, nítorí pé ó fi hàn pé láàbù náà ní ẹni tó ń bi í léèrè.

Àwọn tó ń ṣe oògùn náà kò sùn. Ní oṣù Kẹfà 2003, ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ tí oògùn kù sí nínú ránṣẹ́ sí àjọ tó ń gbógun ti oògùn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé e lọ bá Don Catlin ní láàbù UCLA. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rí i pé steroid tuntun ni, THG, tí wọ́n dọ́gbọ́n ṣe kí ó lè fọ́ túútúú tí wọ́n bá ń wọ aṣọ Donike fún un. Ẹ̀rọ ooru kò lè rí i láéláé. Ọ̀nà tí wọ́n fi mú un ni pé kí steroid gba inú omi kọjá dípò èéfín, láìwọṣọ, láìrí iná, kó tó dé ọ̀dọ̀ mass spectrometer. Dwain Chambers, asáré ọmọ Bìrìtìkó, wà lára àwọn tí ọwọ́ tẹ̀.

Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ yẹn ránṣẹ́ ni Trevor Graham, olùkọ́ni eré sísá. Nígbà tó yá, òun náà di ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó parọ́ fún ìjọba, Antonio Pettigrew, tó ti sáré lábẹ́ rẹ̀, sì jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ ní 2008 pé òun ti lo oògùn fún ọdún púpọ̀. Pettigrew wà nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tó gba góòlù 4x400 ní Sydney 2000, tí tiwa ṣe ìkejì. Láàbù kò mú un rí. Àwọn oògùn tó dárúkọ kì í ṣe steroid. Àbọ̀ abẹ́rẹ́ Graham ló dé ọ̀dọ̀ wa bẹ́ẹ̀. Ní 2012 ni góòlù náà di ti Nàìjíríà. Sunday Bada, tó sáré nínú àṣekágbá náà, ti kú ní oṣù Kejìlá 2011.

Turinabol ni mo fi gbẹ̀yìn, nítorí pé òun ló mú wa padà sí Beijing. Jena ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, láti àwọn ọdún 1960. Ìjọba ibẹ̀ ló pín in fún àwọn ọmọdébìnrin tó ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n sọ fún wọn pé fítámì ni. Láàbù kan wà ní Kreischa tí wọ́n ti ń yẹ ìtọ̀ wọn wò kí wọ́n tó rìnrìn àjò, kí ẹni tí àṣẹ́kù ṣì wà lára rẹ̀ má bàa kúrò nílé. Ẹ ro ìyẹn wò: iṣẹ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà, tí wọ́n fi ń bo olè.

Ní 2008, àṣẹ́kù turinabol tí gbogbo ayé mọ̀ kì í pẹ́ ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú ìtọ̀. Ẹni tó bá tètè dáwọ́ dúró ti bọ́. Nígbà tó di 2012, Tim Sobolevsky àti Grigory Rodchenkov ní láàbù Moscow tẹ ìwádìí kan jáde nípa egungun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà sí, èyí tó lè dúró nínú ìtọ̀ fún ogójì ọjọ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rodchenkov yìí kan náà ló jẹ́wọ́ ní 2016 pé òun ló ń po oògùn fún àwọn eléré Rọ́ṣíà, pé ní Sochi 2014, òru ni àwọn fi ń gba inú ihò ara ògiri pààrọ̀ ìtọ̀. Ọwọ́ tó bo ọ̀nà náà ló tú u. Nígbà tí wọ́n fi ìmọ̀ rẹ̀ ka ìgò Beijing àti ti Lọ́ńdọ̀nù 2012 ní àkàtúnkà, ó ju 100 ènìyàn lọ tó ṣubú.

Mariam Usman wa ṣe ipò karùn-ún nínú gbígbé irin ní Beijing. Olha Korobka ti Ukraine tó gba fàdákà àti Mariya Grabovetskaya ti Kazakhstan tó gba idẹ ṣubú ní 2016; Usman di ẹni ìkẹta. Ní oṣù Kìíní 2017, Tatyana Lebedeva ti Rọ́ṣíà pàdánù fàdákà fífò jìnnà nítorí turinabol, idẹ Blessing Okagbare sì di fàdákà. Àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta, láti inú ìgò ìtọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ó dùn mí láti kọ èyí tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 2021, ní Tokyo, wọ́n dá Okagbare dúró ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó yẹ kó sá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá 100 mítà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ní Slovakia ní ọjọ́ 19 oṣù yẹn ti rí họ́mọ́nù ìdàgbàsókè, wọ́n sì fi òfin ọdún mẹ́wàá dè é ní 2022. Ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìdádúró yẹn, wọ́n ti ní kí ọmọ Nàìjíríà mẹ́wàá má díje ní pápá. Àwọn yẹn kò jẹ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni rí. Òfin ní kí wọ́n ti yẹ wọ́n wò nígbà mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́wàá, láìròtẹ́lẹ̀, a kò sì ṣe é pé. Wọ́n gbé pátákó dání ní Tokyo, wọ́n ní eré làwọn wá sá. Nàìjíríà kò ní láàbù kankan tí WADA fọwọ́ sí. Ìtọ̀ tí a bá gbà ní Èkó tàbí Abuja gbọ́dọ̀ wọkọ̀ òfuurufú kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Àwa tí ìgò mú lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Beijing, a kò náwó sórí ìgò ti àwọn ọmọ wa.

Ọ̀pọ̀ ìgò Tokyo ṣì wà nínú òtútù. Ọdún mẹ́wàá ni òfin fún wọn, ìyẹn títí di 2031, àwọn ará láàbù sì ń wá egungun tuntun lójoojúmọ́. Nọ́ńbà ló wà lára ìgò náà, kò sí orúkọ. Bí wọ́n bá ṣí wọn lọ́la, ó lè kan ẹni tó gba idẹ, ó lè kan ẹni tó ṣe ìkarùn-ún. Kò lè kan àwọn mẹ́wàá yẹn. Wọn kò sáré, kò sì sí ipò tí ìgò ẹnikẹ́ni lè dá padà fún wọn.